Iṣẹ́ Tí Dókítà Ẹfúnkẹ́ Kò Rán

Ẹni tó bá sọ fún Dókítà Ẹfúnkẹ́ lónìí pé kí ó fi ọ̀rọ̀ ọkọ rẹ̀ sílẹ̀ fún Ọlọ́run, ìbéèrè kan ló máa bi onítọ̀hún: "Ṣé ẹ ti rí màlúù tó kú sórí ìkúnlẹ̀ rí?" Ọ̀pọ̀ wọn ò rí i rí. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ máa ń tán sí.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ìtàn yìí, ẹ fara balẹ̀ gbọ́ ọ. Ìbínú ṣì wà nínú rẹ̀. Mi ò ní bu omi lù ú fún yín.

Àádọ́ta ọdún kù díẹ̀ fún Ẹfúnkẹ́. Sángo ló ní kílíníìkì ẹranko sí, lẹ́yìn ilé-iṣẹ́ kan tí ariwo ẹ̀rọ rẹ̀ kì í dákẹ́. Ajá olówó, ewúrẹ́ ìyá àgbà, adìyẹ ẹ̀yìnkùlé, kò sí èyí tí kì í tọ́jú. Ṣùgbọ́n màlúù ló mọ̀ jù. Bí ọmọ bá há sí abo màlúù kan nínú láti Itele títí dé Agbára, òun ni wọ́n máa ń ránṣẹ́ pè.

Oyèwọlé, ọkọ rẹ̀, ń ṣiṣẹ́ ọ́fíìsì ní yunifásítì kan, díákónì sì ni nínú ìjọ. Tamílọ́rẹ, ọmọ wọn kan ṣoṣo, ti ń ṣiṣẹ́ ní Ìbàdàn. Ilé ti dákẹ́.

Ẹ̀yìn ló kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í dun Ẹfúnkẹ́. Dókítà tó lọ rí ní kí ó wá nǹkan tí yóò máa fi na ara. Ó bá ra kẹ̀kẹ́ ológeere. Ó rò pé òun á máa gùn ún yípo àdúgbò ni, tó bá sì sú òun, òun á gbé e ti ògiri.

Kò sú u. Ní ìdájí, kí bọ́ọ̀sì àwọn òṣìṣẹ́ tó gba ojú títì kan, Ẹfúnkẹ́ á ti jáde, afẹ́fẹ́ á máa fẹ́ sí i lójú. Kò sí ẹran tó ń ké. Kò sí ẹni tó ń pe "Mà, ẹ jọ̀ọ́." Láti ìgbà tó ti lọ sílé ọkọ, kò tíì ní ohun kan tó jẹ́ tirẹ̀ nìkan bẹ́ẹ̀ rí.

Kò pẹ́ tó fi bá àwọn kan pàdé tí wọ́n jọ ń gùn ún ní Sátidé: olùkọ́, aránṣọ, òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́. Seth, tí orúnkún rẹ̀ kò gba kẹ̀kẹ́ mọ́, ló máa ń wa mọ́tò tẹ̀ lé wọn. Ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni omi wà, ọ̀dọ̀ rẹ̀ náà ni àpò àti fóònù gbogbo wọn wà.

Oyèwọlé kò fẹ́ ẹ rárá.

"Ìyá Tamílọ́rẹ," ó sọ lọ́jọ́ kan tí ìyàwó rẹ̀ ń nu ẹrẹ̀ kúrò lára táyà, "ìyàwó díákónì lórí kẹ̀kẹ́, nínú ṣòkòtò tó fún mọ́ra. Kí ni kí n sọ fún àwọn ará ìjọ?"

"Ẹ sọ fún wọn pé ẹ̀yìn ò dùn mí mọ́."

"Wọ́n ní o ti fẹ́ padà di ọmọge."

"Ta ló sọ bẹ́ẹ̀?"

Oyèwọlé wọlé lọ. Òun gan-an ló sọ ọ́.

Ká má parọ́, kẹ̀kẹ́ náà ti ń fa Ẹfúnkẹ́ lọ́wọ́ díẹ̀díẹ̀. Ó ti ń tètè kúrò níbi iṣẹ́ ní ọjọ́ Jímọ̀ kí ara lè le fún ọjọ́ kejì. Ó ti sún àbẹ̀wò oko adìyẹ kan síwájú rí torí pé ojú ọjọ́ dára fún kẹ̀kẹ́. Ṣọládé, dókítà ọ̀dọ́ tó gbà síṣẹ́, máa ń sọ fún un pé, "Ẹ máa lọ, Mà. Mo wà níbí." Ọmọ náà mọṣẹ́, àmọ́ kò tíì dá gbẹ̀bí màlúù rí.

Àlájà Mọ̀nsúrát sì ní màlúù kan ní Itele tí oyún rẹ̀ ti gbó.

Opó ni Àlájà. Wàrà ló ń tà. Màlúù mélòó kan tí ọkọ rẹ̀ fi sílẹ̀ ló fi ń jẹun. Dúdúyẹmí, èyí tó lóyún yìí, ni ìyá gbogbo wọn. Tí Àlájà bá pè é lórúkọ, á gbé orí sókè. Ọmọ inú rẹ̀ tóbi, Ẹfúnkẹ́ sì ti ṣèlérí láti ìbẹ̀rẹ̀ pé, "Àlájà, ọjọ́ tó bá bẹ̀rẹ̀ sí í rọbí, bí òkèlè bá wà lẹ́nu mi, mo máa tu ú dànù wá bá yín."

Ní ọjọ́ Jímọ̀ kan ó lọ wò ó. Ó fọwọ́ tẹ ìdí rẹ̀, ó rí i pé ó ti rọ̀.

"Ó lè jẹ́ ọ̀la," ó sọ fún Àlájà. "Ó sì lè jẹ́ ọ̀tunla."

Ọ̀la yìí gan-an ni àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ fẹ́ gun kẹ̀kẹ́ lọ sí Adó-Odò. Ó pẹ́ tí wọ́n ti ń múra fún un. Nígbà tí òun àti ọkọ rẹ̀ ń jẹun lọ́jọ́ náà, ó ní òun ò lọ mọ́.

Oyèwọlé gbójú sókè. "Kí ló dé?"

"Màlúù Àlájà lè bímọ lọ́la."

"Máa lọ ní tìẹ," ni Oyèwọlé wí. "Mo máa lọ jókòó ti Ṣọládé ní kílíníìkì. Tí ohunkóhun bá ṣẹlẹ̀, ṣebí mo ní nọ́ńbà Seth. Mo máa pè ọ́, Seth á sì fi mọ́tò gbé ọ wá kíákíá."

Ẹfúnkẹ́ wò ó títí. Ọkùnrin yìí kò tíì fi ẹnu rere pe kẹ̀kẹ́ rí.

"Ṣé ó dá yín lójú?"

"Ṣé mi ò fẹ́ kí inú rẹ dùn ni?"

Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mọ́ ọn débi pé ó dìde lọ fi ẹran kún oúnjẹ ọkọ rẹ̀. Títí di òní, tó bá rántí ẹran yẹn, á pòṣé.

Ó lọ. Ọ̀nà Adó-Odò dùn ún gùn. Níbi tí wọ́n ti dúró sinmi, Seth gbé fóònù rẹ̀ wá. "Ọmọ yín ló ń pè, Mà." Òun àti Tamílọ́rẹ rẹ́rìn-ín títí ikùn fi dun àwọn méjèèjì. Kó tó dá fóònù padà fún Seth, ó wò ó bóyá ẹlòmíràn ti pè. Kò sí. Ó bi Seth bóyá wọ́n pe tirẹ̀. Seth ní rárá. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run pé Dúdúyẹmí kò tíì rọbí.

Nígbà tó padà dé kílíníìkì, ẹ̀jẹ̀ wà lára aṣọ Ṣọládé. Ọmọ náà kò wò ó lójú.

"Màlúù Àlájà ti kú, Mà. Àtìyá àtọmọ."

Ẹfúnkẹ́ wo òun àti Oyèwọlé tó jókòó sí tòsí. "Kí ló dé tí ẹnikẹ́ni ò pè mí?"

Ṣọládé ṣí ẹnu, ó sì pa á dé. Oyèwọlé ló dáhùn. Ó gbé ọwọ́ lé ìyàwó rẹ̀ léjìká.

"A pè, a pè. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì ò gbà. Má dá ara rẹ lẹ́bi jù."

Ẹfúnkẹ́ kò bọ́ bàtà kẹ̀kẹ́ tó fi gba Itele lọ. Àlájà dúró sẹ́nu ọ̀nà, kò ní kí ó wọlé.

"Àlájà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú."

"Iṣẹ́ tí o rán dé ọ̀dọ̀ mi," ni Àlájà sọ. "Mo gbọ́ ọ. Máa lọ, Dókítà."

Ẹfúnkẹ́ rò pé ìbànújẹ́ ló ń sọ̀rọ̀. Ẹkún kò jẹ́ kó béèrè irú iṣẹ́ wo.

Ọ̀rọ̀ náà tàn kálẹ̀. Láàárín àwọn tó ń sin màlúù, wọn kò pe orúkọ rẹ̀ mọ́. "Dókítà oníkẹ̀kẹ́" ni wọ́n ń pè é, wọ́n sì ń sọ ọ́ bí ẹni tutọ́. Ọ̀kan nínú wọn pàdé rẹ̀ lábẹ́ bíríìjì Sángo, ó ní, "Dókítà, ẹ kú eré ìdárayá o." Ó sì kọjá lọ.

Ẹfúnkẹ́ gbé kẹ̀kẹ́ sábẹ́ àtẹ̀gùn, ó fi tapólì bò ó. Kò jáde ní ìdájí mọ́. Ẹ̀yìn tún bẹ̀rẹ̀ sí í dùn ún.

Oyèwọlé wá di ọkọ àtàtà. Ó ń gbàdúrà fún un, ó ń ra èso wálé. Nígbà tó sì di ọjọ́ Ìsinmi kan, ó jáde síwájú ìjọ láti jẹ́rìí. Ẹfúnkẹ́ jókòó síbẹ̀, ó gbọ́ ọ.

"Ìyàwó mi ti fẹ́ sọ nù sínú ayé," Oyèwọlé wí. "Mo gbàdúrà, mo gbààwẹ̀. Ọlọ́run lo ẹranko láti fi dá a padà sílé. Ẹ bá mi yin Olúwa."

Wọ́n pàtẹ́wọ́. Ẹfúnkẹ́ tẹrí ba. Ó gbà pé òun lòun jẹ̀bi, ó sì gbà pé ọkọ òun ń ti òun lẹ́yìn.

Oṣù díẹ̀ kọjá. Ní ọ̀sán ọjọ́ Ìsinmi kan, Àlájà Mọ̀nsúrát fúnra rẹ̀ wọ kílíníìkì. Ojú rẹ̀ le koko.

"Kì í ṣe pé mo ti dárí jì ọ́," ó wí. "Ọmú màlúù mi kan wú, ó le bí òkúta. Ẹran ò mọ ìjà èmi àti ìwọ. Dìde ká lọ."

Ẹfúnkẹ́ pe Ṣọládé, wọ́n bá a lọ. Ẹfúnkẹ́ ló kúnlẹ̀ sábẹ́ màlúù náà, tó ń fún ọmú rẹ̀ díẹ̀díẹ̀ kí wàrà tó ti bàjẹ́ lè jáde. Nígbà tó yá, kò lè pa á mọ́ra mọ́.

"Àlájà, mo mọ̀ pé ẹ̀bẹ̀ ò lè jí Dúdúyẹmí. Ṣùgbọ́n ká ní wọ́n rí mi bá sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ yẹn ni, ǹ bá fò wá."

"Ká ní kí ni?"

"Wọ́n ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì ò gbà."

Àlájà rẹ́rìn-ín, àmọ́ ẹ̀rín náà kò dé ojú rẹ̀. "Dókítà, má fojú mi gbolẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì. Níṣojú mi báyìí ni ọkọ rẹ bá ọ sọ̀rọ̀. Èmi fúnra mi ni mo sáré wá sí kílíníìkì rẹ. Ó tẹ fóònù, ó gbé e sétí, ó ní, 'Àlájà ti dé o, màlúù ti ń rọbí.' Ó dákẹ́ bí ẹni ń gbọ́rọ̀. Ó wá ní, 'Ṣé kí n sọ fún wọn pé ó di ìgbà tí o bá gun kẹ̀kẹ́ rẹ tán?' Ó sì kọjú sí mi, ó ní ṣé mo ti gbọ́ nǹkan tó o wí."

Ọwọ́ Ẹfúnkẹ́ dúró lára ọmú màlúù.

Ó yíjú sí Ṣọládé. "Ìwọ ńkọ́? Kí ló sọ fún ìwọ?"

Ṣọládé ti ń làágùn. "Ẹ̀yìn ni mo wà, Mà, mo ń rán ojú egbò fún ajá kan. Dádì wọlé wá bá mi, wọ́n ní ẹ ti ń bọ̀, pé ẹ ní kí n má fọwọ́ kan màlúù yẹn títí ẹ fi máa dé. Mo dúró, mo dúró. Nígbà tí mi ò rí yín ni mo sáré lọ. Ó ti pẹ́ jù."

"Nígbà tí mo dé tí mo ní kí ló dé tẹ́nikẹ́ni ò pè mí, kí ló dé tí o ò sọ̀rọ̀?"

"Mo rò pé ẹ̀ ń bo àṣírí ara yín ni, Mà."

Gbólóhùn yẹn wọ Ẹfúnkẹ́ lára ju ohun tí ọkọ rẹ̀ ṣe lọ. Láti ọjọ́ yẹn ni ọmọ tó ń kọ́ níṣẹ́ ti ń wò ó gẹ́gẹ́ bí òpùrọ́, tó sì ń kí i pẹ̀lú ọ̀wọ̀ ní gbogbo òwúrọ̀. Ó wá rántí Adó-Odò. Ó rántí ẹ̀rín tí òun àti Tamílọ́rẹ rín. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì tó gba ìpè láti Ìbàdàn ni ọkọ òun ní kò gbà láti Sángo.

Ó parí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀. Ó fún màlúù náà lábẹ́rẹ́, ó ṣàlàyé bí wọn yóò ṣe máa fi omi gbígbóná jó ọmú rẹ̀. Àlájà ń wò ó.

"Ìwọ kọ́ ló rán iṣẹ́ yẹn," ni Àlájà wí jẹ́jẹ́.

"Èmi kọ́, mà."

Ìpàdé àdúrà ń lọ lọ́wọ́ nínú ilé wọn lọ́jọ́ náà. Pásítọ̀ Adérẹ̀mí wà níbẹ̀, àwọn àlejò tuntun sì kún pálọ̀. Ẹfúnkẹ́ kò bọ́ bàtà oko. Òórùn wàrà tó bàjẹ́ ló bá a wọlé. Oyèwọlé sì wà lórí ìdúró, ó ń jẹ́ ẹ̀rí kan náà yẹn.

"Ọlọ́run lo ẹranko..."

Ó rí ìyàwó rẹ̀, ó dánu dúró.

"Ẹ máa sọ ọ́ lọ, Bàbá Tamílọ́rẹ," ni Ẹfúnkẹ́ wí. "Ẹ ò tíì dé ibi tí ẹ ti gbé fóònù sétí níwájú Àlájà. Ta lẹ bá sọ̀rọ̀?"

"Ìyá Tamílọ́rẹ, inú yàrá la ti ń sọ irú èyí."

"Gbangba lẹ ti ń jẹ́rìí. Gbangba la máa ti parí ẹ̀. Ta lẹ bá sọ̀rọ̀?"

Oyèwọlé wo Pásítọ̀, Pásítọ̀ wo ilẹ̀.

"Kò sí ẹnì kankan," Oyèwọlé wí níkẹyìn. "Mi ò pe ẹnì kankan. Mo fẹ́ kó o jókòó sílé ni. Mo rò pé wọ́n á bínú sí ọ, wọ́n á wá dókítà míì, ojú á tì ọ́, wàá sì jáwọ́. Mi ò mọ̀ pé yóò kú."

"Dúdúyẹmí ńkọ́?"

"Ìyá Tamílọ́rẹ. Màlúù ni."

Ẹfúnkẹ́ kò pariwo. Àwọn tó wà níbẹ̀ sọ fún mi pé ì bá sàn ká ní ó pariwo.

"Ẹ jẹ́ kí n sọ bí màlúù ṣe ń kú sórí ìkúnlẹ̀ fún yín," ó wí, "nítorí ìyẹn gan-an ni ẹ̀rí tẹ́ ẹ̀ ń jẹ́. Ọmọ á yí orí sẹ́yìn nínú ìyá rẹ̀, ẹsẹ̀ kan ṣoṣo ló máa jáde. Ìyá á máa rọbí, á máa dùbúlẹ̀, á máa dìde. Á máa wo ẹnu ọ̀nà, torí ẹran tí èèyàn ń tọ́jú mọ̀ pé èèyàn máa ń wá. Ọwọ́ mi yìí, tí mo bá tì í wọlé, màá ti ọmọ náà sẹ́yìn díẹ̀, màá fa orí rẹ̀ wá síwájú. Àìmọye ìgbà ni mo ti ṣe é. Dúdúyẹmí ń wo ẹnu ọ̀nà títí okun fi tán nínú rẹ̀. Kì í ṣe Ọlọ́run ló ní kí n má wá. Ẹ̀yin ni. Ẹ sì gbé e wá síwájú pẹpẹ, ẹ ní kí wọ́n bá yín pàtẹ́wọ́."

Ìyáàfin kan nínú àwọn àlejò bú sẹ́kún. Ẹfúnkẹ́ wọlé lọ kó aṣọ rẹ̀ sí yàrá tí Tamílọ́rẹ fi sílẹ̀. Ibẹ̀ ló ń sùn di òní.

Pásítọ̀ Adérẹ̀mí padà wá láti bẹ̀bẹ̀. Ó ní ìfẹ́ ló sún Oyèwọlé ṣe é, ìfẹ́ tó ṣìnà.

"Tó bá jẹ́ ìfẹ́ ni," Ẹfúnkẹ́ dá a lóhùn, "ẹ ní kó lọ bá Àlájà ní Itele. Kó dúró síwájú rẹ̀, kó fi ẹnu ara rẹ̀ sọ pé òun ló pa irọ́ yẹn. Lẹ́yìn náà a lè wá sọ̀rọ̀ nípa èmi."

Oyèwọlé gbà láti ṣe gbogbo nǹkan yòókù. Ó kúnlẹ̀. Ó ní òun á máa gun kẹ̀kẹ́ pẹ̀lú rẹ̀ tó bá fẹ́. Ó fi ipò díákónì sílẹ̀ fúngbà díẹ̀. Ṣùgbọ́n Itele nìkan ni kò lè lọ. Ó ní kí òun lọ dúró níwájú obìnrin tó ń ta wàrà, kí òun ní òun parọ́, ojú wo lòun á fi máa rìn ní Ọ̀tà?

Ẹfúnkẹ́ ti yọ kẹ̀kẹ́ kúrò lábẹ́ tapólì. Àpò fóònù ni ó so mọ́ apá, kì í fún ẹnikẹ́ni mú mọ́. Ó sì ti mú Ṣọládé lọ sí oko lóríṣiríṣi, ó jẹ́ kí ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbẹ̀bí, títí ẹ̀rù fi kúrò lójú rẹ̀. Nígbà tí mo bi í ohun tó fẹ́ kí n bá òun sọ fún ẹ̀yin òǹkàwé, ó ní kí n sọ fún ẹni tó bá ní iṣẹ́ tó sì ní ohun tí ọkàn rẹ̀ fẹ́ràn pé kò sí ẹ̀ṣẹ̀ níbẹ̀. "Mi ò ní kábàámọ̀ pé mo gun kẹ̀kẹ́. Iṣẹ́ mi ni mo fi sọ́wọ́ ẹni tó kórìíra ayọ̀ mi, torí pé ó fi ẹnu dídùn gbà á. Kí wọ́n ṣọ́ra fún ìyẹn."

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, màlúù mìíràn rọbí lọ́dọ̀ Àlájà. Àlájà pe Ẹfúnkẹ́, òun àti Ṣọládé sì jọ lọ. Ọmọ náà jáde láàyè, ó gbọn etí, ó ń wá ọmú. Nígbà tí Ẹfúnkẹ́ dé ilé, ẹ̀jẹ̀ àti omi ìbímọ ti gbẹ mọ́ ọn lápá dé ìgúnpá. Oyèwọlé jókòó sí pálọ̀. Ó dìde.

"Báwo ló ṣe rí?"

"Ó wà láàyè. Ìyá rẹ̀ náà wà láàyè."

"Ọlọ́run ṣeun." Ó dúró bí ẹni pé ọ̀rọ̀ kan ṣì kù. "Ìyá Tamílọ́rẹ, títí di ìgbà wo?"

Ẹfúnkẹ́ wò ó láti òkè délẹ̀.

"Itele ò jìnnà," ó wí. Ó sì wọlé lọ wẹ̀.